Ìlù Ti Wà Kí Àwo Tó Dé

Àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ rédíò yìí ni wọ́n ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá bá yín sọ díẹ̀ nínú ohun tí ojú mi ti rí nídìí ìlù, iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti ìgbà tí n kò tíì lè so ṣòkòtò fúnra mi, kí n sì fi ọ̀rọ̀ òwò orin kún un, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ lẹ́tà sí wọn fẹ́ mọ bí ènìyàn ṣe ń di olórin àti bí orin ṣe ń di owó. Mo jẹ́ ìpè náà tayọ̀tayọ̀. Àgbà onílù kì í sábà ríbi jókòó sọ̀rọ̀ fẹnu ara rẹ̀. Ìlù ni ayé fẹ́ kí ó máa fi bá wọn sọ̀rọ̀, bí ó bá sì ti gbé ìlù kọ́ sára ògiri, wọ́n a ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti parí.

Ilé Àyàn ni wọ́n bí mi sí ní Ẹrìn-Ọ̀ṣun, ìlú tí kò jìnnà sí Òṣogbo, níbi tí dùndún àti bàtá ti ń bọ́ agboolé púpọ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ẹni tí a bá bí sí irú ilé bẹ́ẹ̀, Àyàn ni yóò ṣáájú orúkọ rẹ̀, nítorí pé ọmọ Àyàn Àgalú ni gbogbo wa ń pe ara wa, ọmọ ẹni tí ó sọ igi gbígbẹ di ẹlẹ́nu, tí ó mú kí awọ ewúrẹ́ tí ó ti kú máa fọhùn bí alààyè. Àwọn ènìyàn a sì máa rò pé nítorí èyí, inú oyún ni ọwọ́ wa ti mọ ìlù. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Etí ni wọ́n bí mọ́ wa. Ìyá mi a pọ̀n mí, a jókòó sí ẹ̀yìn bàbá mi lóde, n ó sì sùn lọ sínú ariwo ìlù bí ọmọ mìíràn ti ń sùn lọ sínú orin arẹmọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́, a ní láti kọ́ ọ, ìyà kékeré kọ́ ni a sì fi kọ́ ọ.

Ìlù àkọ́kọ́ tí bàbá mi gbé kọ́ mi lọ́rùn, gúdúgúdú ni. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ìlù kékeré olójú kan ni, ó rí roboto bí àwokòtò, bílálà awọ méjì ni a fi ń lù ú, a sì máa ń lẹ ìda mọ́ àárín ojú rẹ̀ kí ohùn rẹ̀ lè le. Kò lè sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kí ó máa wí ohun kan náà láti ìgbà tí eré bá bẹ̀rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, kí ó má yára, kí ó má falẹ̀, kí ó má sì tìtorí pé ọmọge kan ń jó bọ̀ kí ó gbàgbé ibi tí ó wà. Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi wà nídìí ìlù yìí. Èmi ń wo ìyá ìlù tí ó wà léjìká bàbá mi, tí ṣaworo ń mì lára rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ọmọ ọba, ọkàn mi ń fà sí i, ṣùgbọ́n bí mo bá fọwọ́ kàn án, bàbá mi a wò mí, n ó sì gbé ọwọ́ kúrò. Lẹ́yìn gúdúgúdú ni kẹríkẹrì, lẹ́yìn kẹríkẹrì ni ìsáájú, kí ó tó wá di ọjọ́ kan tí ó gbé ìyá ìlù fún mi láìsọ ọ̀rọ̀ kankan, tí òun fúnra rẹ̀ sì mú gúdúgúdú. Nígbà tí mo dàgbà, mo gbọ́ pé bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ní Kúbà, níbi tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lọ ní ẹrú: bàtá mẹ́ta ni wọ́n pa mọ́ síbẹ̀, wọ́n ń pè wọ́n ní iyá, itótele àti okónkolo, orí okónkolo tí ó kéré jù lọ sì ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Omijé kún mi lójú nígbà tí mo gbọ́ ọ. Òkun kò lè gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ mì.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ nìkan kọ́ ni bàbá mi ń kọ́. Bí a bá ń lọ sóko ní òwúrọ̀, a tọ́ka sí agboolé kan, a ní kí n pe orúkọ baálé ibẹ̀ pẹ̀lú oríkì rẹ̀. N ó pè é. A ní kí n pa ẹnu dé kí n tún un pè. N ó fi imú kùn ún, tòkè-tilẹ̀ ohùn rẹ̀. Bí ó bá pé, a mi orí, a sì máa lọ. Bí kò bá pé, a dúró sí ojú ọ̀nà pẹ̀lú ọkọ́ ní èjìká títí n ó fi rí i ṣe. N kò mọ ohun tí ó ń ṣe fún mi nígbà náà. Ẹ jẹ́ kí n fi gángan yìí là á yé yín.

(Ó lu ohùn méjì, ó dúró, ó tún lù wọ́n.)

Ohùn mẹ́ta ni èdè wa ní, dò, re, mi. Ìlù kò ní eyín, kò ní ahọ́n, kò ní ètè. Ohùn nìkan ni ó ní. Re mi ni mo lù yìí. Ǹjẹ́ kí ni mo wí? Adé ni bí? Àbí owó? Àbí ilé? Àbí igbá? Àbí ọkọ́ tí bàbá mi gbé léjìká? Re mi ni gbogbo wọn. Onílù tí ó bá fẹ́ pe ọba ní adé, tí ó sì lu adé nìkan, kò tíì pe ohunkóhun, nítorí náà ni ó fi ní láti gbé adé náà wọ inú gbólóhùn gígùn tí etí ará ìlú ti mọ̀ ṣáájú, inú oríkì, inú òwe, kí àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká lè tọ́ka sí i. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ gbọ́ rédíò láyé àtijọ́ kò ní í gbàgbé ìlù tí ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba fi ń ṣí ètò: orúkọ ilé iṣẹ́ náà ni wọ́n lù, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ohun tí etí àwọn ará Ìbàdàn gbọ́ ni ìbéèrè nípa ẹni tí yóò joyè bí Olúbàdàn bá wàjà. Ìlù náà kò ṣìnà, etí kò sì ṣìnà; ohùn kan náà ni ó gbé ọ̀rọ̀ méjì. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pé ènìyàn lè kọ́ dùndún láìkọ́ Yorùbá, kí ó sì kọ́ ọ jinlẹ̀, tilé-toko, títí dé oríkì orílẹ̀ tí àwọn ìyá àgbà ń ki ọmọ wọn lówùúrọ̀.

Mo fi ojú mi rí ohun tí àìmọ̀ ń fà. N kò ju ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ nígbà tí wọ́n pè wá sí ìsìnkú kan ní ìlú tí n kò ní í dárúkọ. Bàbá mi ti lù títí, ó fẹ́ mu omi, ó sì fa ìyá ìlù lé mi lọ́wọ́. Ìjòyè kan, àgbà ọlọ́lá tí agbádá rẹ̀ ń wọ́lẹ̀, dìde láti jó. Mo fẹ́ fi hàn pé mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo rọ òjò oríkì lé e lórí, mo ki í láti orí dé ẹsẹ̀, àṣé oríkì Òpómúléró ni mo fi ń ki ọmọ Oníkòyí! Bàbá náà dúró. Ó ká agbádá rẹ̀ lé èjìká, ó wò mí láìbínú, ó sì padà lọ jókòó. Gbogbo àgọ́ náà sì pa lọ́lọ́. Bàbá mi gbé ife omi kalẹ̀, ó wá sí ẹ̀yìn mi, ó tú okùn ìlù kúrò léjìká mi lójú gbogbo ènìyàn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìlù bẹ ìjòyè náà, ó ń ki àwọn Oníkòyí, ọmọ jagunjagun, títí bàbá náà fi tún dìde tí ó sì náwó fún wa. Oṣù mẹ́fà ni n kò tún fọwọ́ kan ìyá ìlù. Ní alaalẹ́ ni wọ́n ń rán mi lọ sọ́dọ̀ ìyá bàbá mi láti lọ kọ́ oríkì ìdílé tí ó wà nílùú àti ní àyíká, mo sì gbà pé oṣù mẹ́fà yẹn ni ó sọ mí di onílù.

Ẹ má rò pé dùndún nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí bá. Ohun èlò tí ó ti òkè òkun wá náà kò ní ọ̀nà àbùjá. T. K. E. Phillips, ẹni tí ó wà nídìí dùùrù ní Kàtídírà Kírísítì ní Èkó láti 1914 títí di nǹkan bí ọdún 1962, kọ́ dùùrù dójú àmì gẹ́gẹ́ bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń kọ́ ọ, òun sì ni ó tún jókòó, tí ó fi etí Yorùbá gbọ́ àwọn orin ìyìn tí wọ́n ń túmọ̀ sí èdè wa lórí ohùn òyìnbó, tí ó rí i pé ohùn orin ń ba ohùn ọ̀rọ̀ jẹ́, tí ó sì kọ ìwé lórí orin Yorùbá tí ó jáde ní 1953. Lọ́dọ̀ rẹ̀ ni Fela Sowande, ọmọ tí wọ́n bí ní Ọ̀yọ́ ní 1905, ti kọ́ dùùrù kí ó tó rékọjá sí Lọ́ńdọ̀nù, kí ó tó di ẹni tí àwọn òyìnbó ń gbọ́ iṣẹ́ rẹ̀ lórí rédíò tiwọn. Ẹ wo I. K. Dairo náà, tí ó gbé àkọ́díọ̀nù wọ inú jùjú, tí ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá lọ́lá ní 1963: àwọn tí ó rí i sọ pé aláṣọ ni, pé ó ti ṣe òwò káàkiri, ṣùgbọ́n ìlù ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti kékeré. Ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á. Orin tí ó dùn, ọdún ni ó pa á.

Mo kúrò nílé wá sí Ìbàdàn ní ọdún tí òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn lẹ́nu gbogbo ènìyàn, mo sì wọ ẹgbẹ́ jùjú kan gẹ́gẹ́ bí onígángan. Jùjú kò fi gángan bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Tunde King ń kọrin ní Èkó ní àwọn ọdún 1930, ìlù pẹlẹbẹ jùjú, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ohun èlò olókùn bíi báńjò ni wọ́n ń lò, nínú yàrá, fún àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n jókòó ti ẹmu. Bí o bá gbé gángan wọ ibẹ̀, yóò bo ohùn akọrin mọ́lẹ̀. Akanbi Wright ni wọ́n sọ pé ó kọ́kọ́ gbé e wọlé ní 1948, ẹ̀rọ gbohùngbohùn sì ni ó ṣí ìlẹ̀kùn fún un, nítorí pé ẹ̀rọ náà ni ó gbé ohùn akọrin àti gìtá sókè dé ibi tí ìlù wà. Mo ń sọ èyí kí àwọn ọmọ wa lè mọ̀ pé n kì í ṣe ọ̀tá ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ni ó fún mi níṣẹ́.

Ẹ̀rọ sì ni ó kọ́kọ́ gé ọ̀rọ̀ mi kúrú. Àwo àtijọ́, èyí tí ó ń sáré yípo lórí gírámafóònù, kì í gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ lójú kan. Òwe tí mo ń fi ìlù pa lóde, tí mo ń yí po bí ẹni ń yí okùn, tí ó ń gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ó tó délẹ̀, ọ̀gá wa a gbé ìka sókè nínú yàrá ìgbohùnsílẹ̀, ó ti parí nìyẹn. Ìgbà tí àwo ńlá dé, tí ojú kan rẹ̀ ń gbà tó ogún ìṣẹ́jú, ni àwọn ẹgbẹ́ jùjú tó lè máa so orin mọ́ orin láìdánudúró bí ìgbà tí a wà lóde, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn àwo Ebenezer Obey àti ti Sunny Ade ti àwọn ọdún 1970 sì mọ ohun tí mo ń wí.

Ní 1967, ẹgbẹ́ wa lọ ṣe àwo kan ní Èkó. N kò ní í dárúkọ ilé iṣẹ́ tí ó gbà á sílẹ̀, òkú ti sùn. Máíkì kan ṣoṣo ni ó wà láàárín yàrá, wọ́n sì fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀ láti fi ibi tí olúkúlùkù yóò dúró hàn: akọrin lẹ́nu máíkì, onígìtá lẹ́yìn rẹ̀, èmi lẹ́bàá ògiri níbi tí ìlẹ̀kùn wà, nítorí pé wọ́n ní ìlù mi pariwo jù. Ilẹ̀ mọ́ wa síbẹ̀. Orin tí ó gbajúmọ̀ jù nínú àwo náà, ọ̀rọ̀ ìlù ni ó ṣí i, èmi ni mo sì ronú ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí a parí, ọkùnrin kan tẹ́ ìwé kalẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ó ní kí a fọwọ́ sí i kí a gba owó wa. Pọ́n-ùn márùn-ún ni tèmi. Owó ni nígbà náà, mo sì fò fún ayọ̀; mo ra aṣọ fún ìyá mi. Mo tẹ ìka, tàdáwà ìka náà kò sì tíì kúrò lọ́wọ́ mi tán tí a fi padà dé Ìbàdàn. Àwo náà tà, wọ́n tún un tẹ̀, ó di kásẹ́ẹ̀tì, ó di àwo dídán kékeré, mo tún gbọ́ ọ lórí fóònù ọmọ ọmọ mi ní ọdún tí ó kọjá, ìlù mi ń ṣí i bí ó ti ṣí i lọ́jọ́ náà. Láti 1967 di òní, pọ́n-ùn márùn-ún náà ni.

Inú mi kò dùn sí i, n kò sì ní í purọ́ fún yín pé ó ti tán nínú mi. Ṣùgbọ́n mo wádìí. Mo wá mọ̀ pé ohun méjì ni ó wà nínú àwo kan, ohun méjì tí a lè tà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: orin fúnra rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ àti ohùn tí ẹnì kan ronú rẹ̀, àti ohùn tí ẹ̀rọ gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹni tí ó náwó sí yàrá ìgbohùnsílẹ̀ lè ni ìkejì, kí ó má ni èkíní, àfi bí o bá fọwọ́ ara rẹ fún un. Òfin tí ó ń ṣọ́ wa nígbà tí mo tẹ ìka, òfin tí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1911 ni. Ìjọba wa kò ṣe tiwa títí di 1970, wọ́n ṣe òmíràn ní 1988, wọ́n sì tún ṣe tuntun tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹta 2023. Lábẹ́ òfin tí a ní lónìí, ẹni tí ó dá orin sílẹ̀ ni ó ni ín títí yóò fi kú, àwọn ajogún rẹ̀ yóò sì máa jẹ ẹ́ fún àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Àádọ́rin ọdún! Oko kòkó mélòó ni ó ń so tó bẹ́ẹ̀? Ohun tí ó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé orúkọ onílù kì í sí nínú ìwé. Akọrin ni wọ́n ń kọ sí ibi ẹni tí ó ni orin, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ni èmi náà sọ, gbólóhùn odidi ni mo fi igi àti awọ sọ, ẹnikẹ́ni tí ó gbọ́ Yorùbá sì lè kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnu bá ni ohun tí ó wí, kí ló dé tí ìlù kò fi ní í ni ohun tí ó wí? Ẹ̀yin agbẹjọ́rò tí ẹ ń gbọ́ mi, mo fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ níwájú yín, kì í ṣe fún èmi tí ọjọ́ ti lọ, bí kò ṣe fún àwọn ọmọ Àyàn tí wọ́n ń ti yàrá ìgbohùnsílẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn lónìí tí wọ́n ń gba owó òòjọ́.

Àwọn kan nínú àwọn àgbà wa ríran jù wá lọ. Haruna Ishola, baba Àpàlà, ará Ìjẹ̀bú-Igbó, òun àti I. K. Dairo ni wọ́n pawọ́ pọ̀ ní 1969 tí wọ́n dá ilé iṣẹ́ àwo tiwọn sílẹ̀, Star Records, kí èrè lè máa bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí ó làágùn. Lẹ́yìn náà ni Haruna kọ́ yàrá ìgbohùnsílẹ̀ sí ìlú rẹ̀. Sunny Ade náà bá àwọn tí ń ta àwo rẹ̀ dé ilé ẹjọ́ kí ó tó bọ́, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1970. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe àwọn tí kò mọ ohun èlò ni wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ni ó lè dìde kúrò nídìí tábìlì ọlọ́jà, nítorí ó mọ̀ pé ọwọ́ òun ń bá òun lọ.

Ibí ni mo ń bọ̀. Mo ti rí i tí òwò orin pa awọ dà lójú mi tó ẹ̀ẹ̀mẹrin. Àwo kékeré lọ, àwo ńlá dé. Àwo ńlá lọ, kásẹ́ẹ̀tì dé, àwọn ayédèrú ní ọjà Alábà sì ń tẹ̀ ẹ́ ní òru kí máákẹ́tà tó gbé ojúlówó jáde ní òwúrọ̀. Kásẹ́ẹ̀tì lọ, àwo dídán dé. Nísinsìnyí, kò sí àwo rárá, inú fóònù ni orin wà, owó tí ó sì ń ti ibẹ̀ wá fún ẹni tí a gbọ́ orin rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò tó ra ẹ̀kúrọ́ kan. Nígbàkígbà tí ó bá yí bẹ́ẹ̀, àwọn tí orúkọ nìkan gbé dúró ni ó ń gbá lọ. Mo mọ àwọn tí àwòrán wọn kún ara ògiri ní Ìbàdàn, tí wọ́n ń san owó fún onígìtá, fún onílù, fún ẹni tí ń bá wọn to ọ̀rọ̀, tí ó jẹ́ pé nígbà tí máákẹ́tà kò wá mọ́, kò sí ohun kan tí ọwọ́ wọn lè gbé. Àwa tí ọwọ́ wa mọ iṣẹ́, òde ni ó bọ́ wa. Ìsọmọlórúkọ kò dúró nítorí pé kásẹ́ẹ̀tì kú. Ìgbéyàwó kò dúró. Ìwúyè kò dúró. Yàtọ̀ sí pọ́n-ùn márùn-ún yẹn, n kò jẹ lára àwo rí, lára òde ni mo ti jẹun, lára òde ni mo ti kọ́lé, ọmọ mẹ́rin ni mo sì fi ìlù rán níwèé.

Nítorí náà, ìwọ ọmọ mi tí o kọ lẹ́tà pé kí n sọ bí o ṣe lè tètè ṣe àwo, èsì tí mo ní kò ní í yá ọ lára. Má tíì ṣe àwo. Wá ohun èlò kan, kí ó jẹ́ gángan, kí ó jẹ́ gìtá, kí ó jẹ́ fèrè, kí ó jẹ́ dùùrù, kí o wá ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, kí o sì jókòó tì í títí ohun èlò náà yóò fi máa dá ọ lóhùn. A kì í fi ọjọ́ kan bọ́ ọmọ tí ó rù. Bí ọjọ́ àwo bá sì wá dé, mú ìwé tí wọ́n bá tẹ́ síwájú rẹ lọ sílé, sùn lé e, gbé e fún ẹni tí ó gbọ́ èdè òfin, kí o sì bi wọ́n léèrè ẹni tí ó ni orin, ẹni tí ó ni ohùn tí a gbà sílẹ̀, àti fún ọdún mélòó. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí o gbé ìwé lọ sílé, ohun tí ó wà nínú ìwé náà ni kò fẹ́ kí o rí.

Mo gbọ́ pé àwọn ọ̀dọ́ ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìlù, mo sì ti jókòó ti ọ̀kan nínú wọn rí, ọmọ tí ó ní làákàyè, tí etí rẹ̀ mú. Ó fi gángan kan tí ó bá níbì kan sínú orin ìgbéyàwó, ó ń yí i po, ó ń yí i po. Ó bi mí bí ó ti rí. Mo ní ó dùn, ṣùgbọ́n ṣé ó mọ ohun tí ìlù náà ń wí? Kò mọ̀. Oríkì ìdílé kan ni, onílù kan tí n kò mọ̀ ni ó lù ú, bóyá níbi ìsìnkú, ìdílé náà kò sì bá ọkọ ìyàwó tan, kò bá ìyàwó tan. Mo ki í fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọmọ náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó sì yọ ọ́ kúrò nínú orin náà lójú mi, ó ní kí n wá lu èyí tí ó bá wọn mu. Mo lù ú. Ó kọ orúkọ mi sínú ìwé, ó sì kọ ìpín mi síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ìrètí kò pin.

Ọmọ kan wà nílé wa báyìí, ọmọbìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kì í ṣe ọmọ Àyàn. Ayálégbé wa ni ìyá rẹ̀, ó ń ta ògì. Láyé bàbá mi, obìnrin kì í gbé dùndún kọ́ èjìká, àwọn kan sì bínú sí mi pé mo ń kọ́ ọ. Mo ní kí wọ́n lọ wo Àrà, ọmọbìnrin tí ó ń lu gángan tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀, kí wọ́n sì wá sọ ohun tí ó bàjẹ́ níbẹ̀ fún mi. Ọdún méjì ni ọmọ yìí fi wà nídìí gúdúgúdú. Ní oṣù tí ó kọjá ni mo gbé gángan kékeré fún un. Ní òwúrọ̀ òní, kí n tó múra wá síbí, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ìyá rẹ̀ wà ní ẹ̀yìnkùlé tí ó ń sẹ́ ògì, ọmọ náà sì ti gángan bọ abẹ́ abíyá, ó ṣẹ́ ẹ mọ́ra, ó lu oríkì ìyá rẹ̀ bí mo ti kọ́ ọ, ó ṣì í lẹ́ẹ̀kan, ó tún un bẹ̀rẹ̀, ó sì lù ú já.

Láti ẹ̀yìnkùlé ni a ti gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ pé, "Mo ń bọ̀ o, kí lo fẹ́?"